Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Mí

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe àlá, n kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ojú mi ló rí i. Dókítà Akua náà rí i, ó sì wà láàyè. Ẹ lè bi í. Ó lè má dá yín lóhùn ni.

Rùqáyyà lorúkọ mi. Àdúgbò Aboabo ní Kumasi níbí, ní Gánà, ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá mi ti wá. Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń wò ní ilé ìwòsàn kan nílùú yìí. Wọ́n á gbé e wá fún mi nínú ìgò tín-ín-rín, màá tẹ́ ẹ̀kán kan sórí gíláàsì, màá kùn ún láró, màá sì fi maikirosíkóòpù wò ó. Mo mọ ẹ̀jẹ̀ tí ibà ń jẹ. Mo mọ èyí tí àrùn ti tẹ̀ bíi dòjé. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ti yà mí lẹ́nu kẹ́yìn.

Nígbà ọyẹ́ kan, wọ́n gbé Ṣùkúrát wá. Aránṣọ ni, ní àdúgbò Sawaba. Òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó mi. Kẹ́hìndé ni ìyá rẹ̀ máa ń pè é, torí ìbejì ni. Ọkùnrin ni Táyé, ibà sì ti pa á láti kékeré.

Ó ti ń rẹ Ṣùkúrát fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní ibà ni, ó lo oògùn ibà. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló dínkù, ó mu oògùn ẹ̀jẹ̀ títí ó fi sú u. Kàkà kó sàn, ṣe ló ń le sí i. Mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, inú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Àpá dúdú kún ara rẹ̀.

"Ta ló lù ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí, Àǹtí Rùqáyyà. Mo kàn máa ń jí bá wọn lára mi ni."

Èmi fúnra mi ni mo wo ẹ̀jẹ̀ náà. Àwọn hóró pupa inú rẹ̀ fọ́n ká, wọn ò tó nǹkan. Àwọn tó yẹ kó máa dí ojú ọgbẹ́, n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìkankan. Àmọ́ àwọn funfun! Wọ́n tóbi, wọ́n kún ojú awò, kò sì sí èyí tó gbó nínú wọn. Bí èso tí wọ́n já ní àìpé ọjọ́ ni wọ́n rí. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Mo gbójú kúrò. Mo tún wò ó. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Mo wo irú ẹ̀jẹ̀ tó ní, kí wọ́n lè fún un ní òmíràn. Ẹ̀jẹ̀ O ni. Èmi náà ni mo wò ó nígbà tó lóyún àkọ́bí rẹ̀. O ni nígbà yẹn náà, kò lábùlà.

Dókítà Akua fún un ní oògùn líle. Oògùn náà já irun orí rẹ̀, kò rí àrùn náà já. Nígbà tó yá, dókítà pe ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi èdè Twi sọ fún un jẹ́jẹ́ pé kò sí ohun tí oògùn tún lè ṣe. Ìyá náà ò sunkún. Ó kàn ń mi orí.

Lọ́jọ́ yẹn, mo kírun Màgàríbì tán, mo ní kí n yọjú sí wọn kí n tó lọ sílé. Mo bá ìyá náà létí ibùsùn. Ó ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe Ṣùkúrát ló ń bá sọ ọ́. Ìhà kejì ibùsùn ló kọjú sí, níbi tí kò sẹ́nìkan.

"Táyé," ó ní. "Kẹ́hìndé ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Má gbà á. Dá a padà fún mi. Ṣé o gbọ́?"

Gbogbo wọ́ọ̀dù dákẹ́. Ẹni tó ń wúkọ́ dákẹ́. Fáànù ń yí lókè, n kò gbọ́ ìró rẹ̀.

Ṣùkúrát ò la ojú. Ó sún díẹ̀ sí etí ibùsùn, bí ìgbà téèyàn bá sún fún ẹni tó fẹ́ bá a sùn. Lẹ́yìn náà, fóòmù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ̀ wọlé, díẹ̀díẹ̀.

"Subhanallah," ni ìyá náà wí.

Mo jáde. N kò mọ bí mo ṣe délé.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án, wọ́n tún gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá. Mo kán omi àyẹ̀wò sí i. Apá kan nínú ẹ̀jẹ̀ náà ṣù pọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ B. Apá kejì ń ṣàn lọ láìṣù, bí ẹ̀jẹ̀ O ti tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ìgò ló pààrọ̀. Mo lọ fa òmíràn lápá rẹ̀ fúnra mi. Bákan náà ló rí. Mo ránṣẹ́ pe Dókítà Akua.

"Ẹ̀jẹ̀ tí a fún un ńkọ́?"

"O ni gbogbo rẹ̀, Dókítà."

Ó ronú. "Ṣé ó ní ìbejì?"

"Ó ní. Ọkùnrin. Ó ti kú."

Ó fa àga, ó jókòó. Ó ní nígbà míì, ẹ̀jẹ̀ àwọn ìbejì máa ń ṣàn wọnú ara wọn nínú ìyá, ó sì lè wà níbẹ̀ títí ayé.

"Ká ní ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni," mo ní, "ṣé kò yẹ kí n ti rí i?"

"Ó yẹ kó o ti rí i."

Ibẹ̀ ni iná lọ. Fáànù dúró. Fìríìjì dákẹ́. Oòrùn ọyẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó pọ́n, eruku ń léfòó nínú rẹ̀. Àwọn ìgò ẹ̀jẹ̀ tò sórí tábìlì. Mo rí ti Ṣùkúrát.

Ojú ẹ̀jẹ̀ náà gòkè díẹ̀. Ó lọ sílẹ̀. Ó tún gòkè. Jẹ́jẹ́, bí àyà ọmọ tó ń sùn.

Mo gbé ọwọ́ lé tábìlì. Kò mì. Àwọn ìgò yòókù dúró jẹ́ẹ́.

Dókítà Akua na ìka, ó fi kan ìgò náà. Kò tètè gbé ìka náà kúrò.

"Ó gbóná," ó ní. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ ní Twi, bí ẹni tó ń gbàdúrà: "Awurade, ɛyɛ nwonwa." Olúwa, ìyanu ni.

Ẹ̀rù ò bà mí. Bí ẹni tó ṣèèṣì wọ yàrá ọba ló ṣe mí. Ìgbà tí màá mọ̀, mo ti bọ́ bàtà. A dúró bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì, títí iná fi dé. Bí fáànù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí ni ẹ̀jẹ̀ náà dúró.

Láti ìgbà náà, nígbàkigbà tí mo bá wo ẹ̀jẹ̀ Ṣùkúrát, àwọn funfun ńláńlá yẹn ń dínkù. Ẹ̀jẹ̀ B ń pọ̀ sí i. Nígbà tó yá, n kò rí jẹjẹrẹ mọ́. N kò rí O náà mọ́. A fi ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ ní Accra. Wọ́n ní ó dájú pé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn la fi ránṣẹ́.

Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Sawaba. Irun rẹ̀ hù. Inú ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ́n bí ojú ata.

Láìpẹ́ yìí ló wá kí mi níbi iṣẹ́. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Àǹtí Rùqáyyà, Màámi máa ń wò mí láàárọ̀, á wò mí pẹ́. Á ní, 'Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?' Màá ní èmi ni. Á ní, 'Ó dáa.'"

"Àgbà ló ń dé sí wọn," mo ní.

"Bóyá." Ó gbójú sókè. "Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ Táyé ló wà lára mi báyìí. Mo gbà. Tèmi wá ńkọ́? Níbo ló gbà lọ?"

Mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, inú rẹ̀ ṣì pọ́n. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó sì jáde sínú oòrùn.