Òjò Tí Ẹsẹ̀-Ẹ̀yìn Ń Retí

Ọkùnrin mẹ́káníìkì kan wà tó máa ń wo ojú sánmà láràárọ̀ nítorí òjò. Kì í ṣe àgbẹ̀. Kò gbin nǹkan kan àfi ìkórìíra.

Ẹsẹ̀-Ẹ̀yìn ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ eré ìje ló ń tún ṣe, ó sì ń fi tirẹ̀ díje, kò sì gbà pé ọkọ̀ gidi kan tún wà lẹ́yìn èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì, ìyẹn táyà ẹ̀yìn, ń tì. "Kí ti iwájú máa yà, kí ti ẹ̀yìn máa tì," ni orin ẹnu rẹ̀. "Ẹ bi ẹṣin, ṣé ẹsẹ̀ iwájú ló fi ń ta ènìyàn nípàá?"

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan náà. Ọ̀rẹ́ yìí ra ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, Ẹsẹ̀-Ẹ̀yìn a máa nà án nínú eré ìje. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdíje ńlá, òjò rọ̀. Ọkọ̀ Ẹsẹ̀-Ẹ̀yìn ń fìdí jó kiri bí ọ̀mùtí, Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin sì kọjá lára rẹ̀ wẹ́rẹ́.

Nígbà tí wọ́n fún Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin ní ife ẹ̀yẹ, ó gbé e sókè lójú gbogbo èrò.

"Ẹ bá mi kí ọ̀rẹ́ mi o! Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ọ̀bọ náà fi ń dúró, bó bá fẹ́ ṣe bí ènìyàn!"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó Ẹsẹ̀-Ẹ̀yìn pàápàá rẹ́rìn-ín kó tó fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ lè sùn mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin wa ọkọ̀ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù Ẹsẹ̀-Ẹ̀yìn fún ọ́ìlì tuntun.

"Ọ̀bọ mi, má bínú jàre. Mi ò lè gbé e fún ẹlòmíì. Ọwọ́ ẹ dáa ju tèmi lọ."

Ẹsẹ̀-Ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó tú ọ̀pá irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ sí ẹsẹ̀ iwájú, ó fi àkísà wé e, ó sì tì í sẹ́yìn àgbá ọ́ìlì. "Ó di ìgbà òjò," ó wí fún ara rẹ̀. "Ká wá mọ ẹni tí í ṣe ọ̀bọ."

Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ọlọ́kọ̀ kò mọ nǹkan kan. Ó tilẹ̀ padà wá dúpẹ́ ni. "Kí lo ṣe sí i? Ó fúyẹ́ sí i!" Inú Ẹsẹ̀-Ẹ̀yìn dùn bí ẹni lá oyin. Ẹni tí kì í dé ilé ìjọsìn wá di aládùúrà. "Ọlọ́run, rọ̀jò." Àdúrà rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Obìnrin kan ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin gbé ọkọ̀ rẹ̀ kúrò níwájú obìnrin náà, ó wá bá Ẹsẹ̀-Ẹ̀yìn.

"Bọ̀ọ̀dá, táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ti jẹ tán. Ti iwájú ṣì dà bí tuntun. Ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ń fà á ti di méjì. Ta ló tú u?"

"Ṣé èmi ni mò ń wà á ni?"

"Mi ò béèrè ẹni tó ń wà á."

Ẹsẹ̀-Ẹ̀yìn mú sípánà, ó yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà sún mọ́ ọn.

"Bọ̀ọ̀dá, Ọlọ́run ló ni ẹ̀san. Ẹni tó bá jí irinṣẹ́ Ọlọ́run lò, ọwọ́ ara rẹ̀ ló máa gé. Jésù lè gba inú burúkú yìí lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ fún ọkùnrin yẹn lónìí. Bí ẹ ò bá sọ, tó bá dọ̀la, èmi á sọ."

"Ọ̀la ò jìnnà," ni Ẹsẹ̀-Ẹ̀yìn fi dá a lóhùn. Ó gbójú sókè. Òjò ti ṣú.

Nírọ̀lẹ́, bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀, ó lọ dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin ń gbà relé, níbi tí ọ̀nà ti ń dagẹ̀rẹ̀ lọ sí kọ́ọ̀nà. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Omi kún bàtà rẹ̀, kò kà á sí. Ọkọ̀ náà yọ. Dípò kó kọjá, ó dúró.

"Ọ̀bọ mi! Kí lò ń ṣe nínú òjò? Wọlé, kí òtútù má pa ẹ́!"

Kí ni yóò sọ? Ó wọlé. Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin ju táwẹ́lì rẹ̀ sí i. "Nu orí ẹ. Ó yá, jókòó dáadáa, kí n fi bí ẹsẹ̀ mẹ́rin ṣe ń dilẹ̀ mú hàn ẹ́." Ó tẹná mọ́ ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè gbà wọ́n: "Dúró." Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ọ́ yóò sọ ìyókù. Ìgbéraga di ahọ́n rẹ̀ mú títí wọ́n fi dé kọ́ọ̀nà.

"Dúró! Mo ti tú u!"

Ó ti pẹ́ jù. Ìdí ọkọ̀ yí bìrí, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ kọlu ògiri gọ́tà. Irin tẹ Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ náà ṣẹ́, ó ń kérora. Ẹsẹ̀-Ẹ̀yìn kò fara pa rárá. Táwẹ́lì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Gbogbo ohun tó bẹ Ọlọ́run fún ló rí gbà. Ìgbà náà ló kígbe pé, "Jésù, apànìyàn ni mí! Mi ò ní àwáwí. Gbà mí lọ́wọ́ ara mi!"

Ní ọsibítù tí wọ́n gbé Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin lọ, obìnrin onítáyà kúnlẹ̀ ti Ẹsẹ̀-Ẹ̀yìn. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù tó láti wẹ̀ yín mọ́, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ lọ sọ òtítọ́ wàyí." Ẹsẹ̀-Ẹ̀yìn sọ fún ọlọ́pàá, ẹjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀pá irin náà wá, ó tú àkísà kúrò lára rẹ̀, ó sì gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Èmi ni. Dárí jì mí."

Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin wo ọ̀pá, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Jáde. Bí ẹsẹ̀ mi bá san, ọ̀pá yìí ni màá fi ṣẹ́ tìẹ."

Ẹsẹ̀-Ẹ̀yìn jáde. Ó sì ń padà wá lójoojúmọ́ láti fọ aṣọ aláìsàn náà. Àlàáfíà wà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin ti fi ọ̀pá náà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ẹ̀san ti kó kúrò nílé kan, ó ti kó wọ òmíràn.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, kí ló wà lábẹ́ ìrọ̀rí tìrẹ? Bóyá ìwọ lo tú ọkọ̀ ẹlòmíràn, bóyá ẹsẹ̀ tìrẹ ni wọ́n ṣẹ́. Jésù kan náà ló kú fún ẹ̀yin méjèèjì. Gbé ọ̀pá náà fún un. Má sọ pé ọ̀la ò jìnnà. Gbójú sókè, wo sánmà: òjò ti ṣú.