Àgbọ̀nrín Arvid Tí Gbogbo Ìlú Rí, Tí Àjọ Kò Rí

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Arvid Kangas àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Duane wọ́ àgbọ̀nrín wọ ṣọ́ọ̀bù Marcy. Ọmọ àbúrò Arvid ni Marcy, òun ló ń bá àwọn ọdẹ ìlú Kettu gé ẹran.

"Ẹ kú oríire, Bàbá! Nọ́mbà tí àjọ ẹranko ìgbẹ́ fún yín ńkọ́?"

"Nọ́mbà wo? Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti so ó kọ́ nínú òtútù sórí igi àárín ìlú, níbi tí àwa ọdẹ ti ń fi ẹran han ará ìlú. Wọ́n wọn ìwo rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ mi. Àlùfáà pàápàá wá wò ó."

Duane rẹ́rìn-ín. "Arvid fúnra rẹ̀ dúró tì í bí ọkọ ìyàwó."

"Ìwé ibẹ̀ yẹn, ti ẹ̀bùn ìwo tó tóbi jù ni," ni Marcy wí. " Kì í dé ọ̀dọ̀ àjọ. Aago mélòó lẹ pa á lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ku ogún ìṣẹ́jú."

Marcy wo aago ara ògiri. "Wákàtí méjìléláàádọ́rin ni òfin fún wa láti ròyìn ẹran fún àjọ. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láìsí nọ́mbà, n kò lè gbé ọ̀bẹ lé e."

"Yéè! Ohun tí èmi àti Verna ìyàwó mi máa jẹ títí yìnyín á fi yọ́ nìyẹn!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ mú ìwé àṣẹ yín wá."

Ó ṣí ojú ìwé àjọ lórí fóònù. Wọ́n tẹ nọ́mbà ìwé àṣẹ, wọ́n tẹ akọ, ẹ̀ka ìwo mẹ́jọ. Ni àwòrán ilẹ̀ bá yọ: ibo lẹ ti pa á?

Arvid gbá fóònù mọ́yà. "Duane wà níbí!"

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń wá ibi tó fi pa mọ́ tó ti ń pa ẹran," ni Duane wí.

"Máa wá a lọ!"

"Bàbá, àjọ kò ní fi han ẹnikẹ́ni. Iye tí wọ́n bá kà lágbègbè wa ni wọ́n fi ń mọ iye tí a lè pa lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tí a kò bá ròyìn, ó ń ṣì wọ́n lọ́nà ni."

"Duane, kọjú sí ògiri!"

Duane kọjú sí ògiri. Arvid fi ìka tẹ ibẹ̀, nọ́mbà jáde. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Marcy kọ ọ́ sára ìwé àṣẹ, ó sì mú ọ̀bẹ.

Ẹ̀yin ọdẹ, kí ará ìlú rí ẹran yín kò tó. Ẹ ròyìn rẹ̀ fún àjọ lórí ẹ̀rọ ayélujára lọ́jọ́ tí ẹ pa á gan-an, kí ẹ sì tọ́jú nọ́mbà tí wọ́n bá fún yín. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí nínú igbó, ẹ ṣe é ní kété tí ẹ bá dé ojú títì. Ẹni tí kò mọ fóònù lò, kó bẹ ẹlòmíràn.

Tó bá sì kan àwòrán ilẹ̀, ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín kọjú sí ògiri.