Férémù Aláìlórúkọ

Kẹ̀kẹ́ mi pé ní ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo gùn ún láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù títí dé orí òkè tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa wà, n kò sì sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń kọ́ ní kẹ́mísírì máa ń ti kẹ̀kẹ́ tiwọn gun òkè náà ni. Kò sí ohun kan lára rẹ̀ tí ó rọrùn láti rí. Èmi àti ọkùnrin tí ó bá mi tò ó wá fọ́ọ̀kì rẹ̀ títí, apá irin méjì tí ó di ẹsẹ̀ iwájú mú. A wá ọ̀pá ìjókòó tí yóò wọ ihò rẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ tóbi jù, èyí tí ó tẹ̀ lé e sì ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Nígbà tí mo dé òkè, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, mo wo kẹ̀kẹ́ náà bí abiyamọ ṣe ń wo ọmọ tí ó pẹ́ kí ó tó dé. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Iṣẹ́ orí mi ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò.

Ṣọ́ọ̀bù ọjà àlòkù tí àbúrò ìyá mi ní ni mo ti rà á. Àǹtí Kékeré ni gbogbo ẹbí ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun kékeré kan lára rẹ̀: ohùn rẹ̀ ni o, ara rẹ̀ ni o, ìgboyà rẹ̀ láti dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni o. Férémù lásán ni, egungun kẹ̀kẹ́ tí kò ní ẹsẹ̀, tí kò ní ọwọ́. Wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri láàárín àwọn àga tí ẹsẹ̀ wọn ti kán. Ẹnì kan ti ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò, kò sí orúkọ ẹni tí ó ṣe é níbì kankan. Síbẹ̀, ó fúyẹ́ lọ́wọ́, ojú ibi tí irin ti pàdé irin sì mọ́ kedere. Mo mọ̀ pé ọmọ ilé rere ni.

Àǹtí ní kí n má gbé pàǹtí wọlé ìyá mi. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà ni mo ṣe rà á.

Bí mo ti ń gbé e jáde, ó fi ọwọ́ júwe òpópó ẹ̀yìn fún mi. Ó ní ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, Sípóòkù ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gùn gbọọrọ bí wáyà inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ó ní kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, òun ò rò pé àwa méjèèjì lè bára wa mu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ kí ìyókù lè yé yín. Ẹbí mi ti gbé ọkùnrin mẹ́ta wá bá mi rí. Ọ̀kan wá bí àlejò tí ó ṣèèṣì bá oúnjẹ. Ọ̀kan wá bí bàbá tí ó ń wá olùkọ́ fún ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò bímọ. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ díbọ́n. Ó kàn jókòó, ó ń wo eyín mi. Ọjọ́ tí ẹ̀kẹta lọ ni mo dìde láàárín pálọ̀ ìyá mi, mo sọ fún gbogbo wọn pé ojú ara mi ni n ó fi rí ọkọ mi, àti pé ẹni tí ó bá tún gbé ọkùnrin gba ẹ̀yìn wọlé bá mi kò ní rí mi mọ́. Gbogbo ẹbí gbọ́. Àǹtí Kékeré ni ó tilẹ̀ ṣe àmín.

Sípóòkù gba férémù náà lọ́wọ́ mi, ó yí i padà, ó wo abẹ́ rẹ̀.

“Ẹ gbé e bí ẹni gbé ẹyin,” ni ó wí. “Ẹ ti fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ máa wà níbẹ̀.”

Mo bi í pé ta ni ó ṣe é. Ó ní òun náà fẹ́ mọ̀. Abẹ́ ikùn férémù, níbi tí ọ̀pá pẹ́dàlì ń gbà kọjá, ni àwọn tí ń ṣe kẹ̀kẹ́ máa ń lu nọ́ńbà sí, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi fáìlì, irin tí a fi ń ha irin, ha ti eléyìí dànù. Ó ní olè ni yóò ti ṣe é. Kò gbójú sókè nígbà tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ìtìjú ni.

Ohun tí ó fa ọkàn mi ni pé kò gba iṣẹ́ náà ṣe fún mi. Irin ìwọ̀n ni ó kó lé mi lọ́wọ́. Mo wọn fífẹ̀ ihò pẹ́dàlì, mo wọn àlàfo tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò jókòó sí, mo wọn inú ihò ọ̀pá ìjókòó. Mo ka ìwé, mo fi ìwọ̀n wé ìwọ̀n, mo sì wá sọ fún un pé férémù yìí ti dàgbà ju àwa méjèèjì lọ, àti pé àwọn tí ó ṣe é kò lo irú ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ lóde òní. Ó tẹ́tí sí mi bí ẹni tí ń gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Kò sí ọkùnrin tí ó tíì tẹ́tí sí mi bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wá àwọn ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ náà. Ní ọjọ́ tí ó mú fọ́ọ̀kì dé, ó ní ìlú kejì ni òun ti rí i, lẹ́yìn tí òun ti wọ ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Erùpẹ̀ wà lára bàtà rẹ̀. A ti fọ́ọ̀kì náà wọ orí férémù, ó sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo pariwo bí ọmọdé. Mo mú aṣọ ìnulẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo nu bàtà rẹ̀, èmi tí n kì í bẹ̀rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ó ku ìjókòó nìkan, mo ṣàkíyèsí pé kò yá a lára mọ́.

“Mi ò fẹ́ kó pé,” ni ó wí.

“Kí ló dé?”

“Tó bá ti pé, kí lẹ tún fẹ́ máa wá ṣe níbí?”

“Màá máa wá kí ọ.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo pè é ní ìwọ. Ó gbé sípánà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, “Olówó orí mi lobìnrin,” mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, nítorí kò sí ẹni tí ó ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin.

Mo mú un lọ han ìyá mi. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, nítorí ẹni tí ó ní òun kò ní fún oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́mọ, àfi ọ̀jọ̀gbọ́n, ni ìyá mi. Ṣùgbọ́n ó bu omi fún un mu, ó bi í léèrè nípa àwọn òbí rẹ̀, ó sì sọ pé, “Ìwọ lo rí i, ọmọ mi. Ẹni tó bá fúnra ẹ̀ yàn kì í bínú.” Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀. Mo rò pé ayọ̀ ni. Wọ́n dá ọjọ́ tí àwọn ẹbí méjèèjì yóò pàdé.

Mo fẹ́ fún un ní ẹ̀bùn ṣáájú ọjọ́ náà. Mo fẹ́ bá a rí orúkọ férémù yẹn.

Ohun kan wà tí àwa tí a kọ́ kẹ́mísírì mọ̀. Bí a bá fi òòlù lu nọ́ńbà sí ara irin, lílù náà máa ń wọlé jìn ju ibi tí ojú rí lọ. Ẹni tí ó ha á dànù, òkè ni ó ha. Irin ìsàlẹ̀ ti fara pa, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo gbé kẹ̀kẹ́ náà wọ yàrá ìwádìí wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo fi sáńpépà dán ibẹ̀, mo sì ń kán ásíìdì lé e díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó ṣú, ó tún hàn, bí àpá tí ìpara ti ṣí kúrò lójú rẹ̀. Mo kọrin.

Ìwé tí mo kà ní àwọn oníṣẹ́ àtijọ́ a máa lu nọ́ńbà kan náà sí ọrùn fọ́ọ̀kì, níbi tí ó wọnú férémù lọ, kí àwọn méjèèjì má baà ṣìnà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Mo yọ fọ́ọ̀kì, kí n lè fi hàn pé tiwa yàtọ̀, pé ìlú kejì ni ó ti wá.

Nọ́ńbà kan náà ni. Kò sí ẹni tí ó ha á. Ó mọ́ rekete.

Mo jókòó. Mo wá ọ̀nà tí ó fi lè rí bẹ́ẹ̀ láìsí irọ́ níbẹ̀, n kò rí. Mo fa ọ̀pá ìjókòó yọ. Àmì tí irin ti fi há a yíká bá ẹnu férémù mu déédéé, àmì ọdún púpọ̀. Mo wo ìyókù, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ohun tí a wá, tí a ní ó bára wọn mu, kì í ṣe pé wọ́n kàn bára mu. Ara kan náà ni wọ́n. Odindi kẹ̀kẹ́ kan ni ẹnì kan tú, tí ó ń fún mi jẹ díẹ̀díẹ̀ bí oúnjẹ ọmọ.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo kọ́kọ́ lọ, nítorí ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ ni férémù náà ti wá, Àǹtí Kékeré sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń jíròrò irú aṣọ tí àwọn yóò wọ̀. Mo gbé fọ́ọ̀kì sórí àga láàárín wọn. Àǹtí wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti mọ̀ pé orí mi yóò rí i, òun kàn gbà á ládùúrà pé kí ó jẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó.

Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní Sípóòkù ni ó rí mi ní ṣọ́ọ̀bù òun tí mo ń yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan wò, ó sì bi òun léèrè mi. Òun sọ fún un pé ẹni tí wọ́n bá mú wá, n ó lé e. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni òun ní kí ó tú u, kí ó ha á, kí ó wá gbé egungun rẹ̀ kọ́ sí ojú mi. Ìyá mi mọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi mọ̀. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n ń bi mí pé kẹ̀kẹ́ ńkọ́, tí mo ń ṣàlàyé ìwọ̀n fún wọn pẹ̀lú ìgbéraga, wọ́n mọ̀.

“Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,” ni Àǹtí wí, “ṣé kò dùn mọ́ ẹ ni?”

“Ó dùn mọ́ mi. Ohun tí ẹ ṣe mí gan-an nìyẹn.”

Ìyá mi ní kò sí ẹni tí ó fi ibi rò ó. Mo dá a lóhùn pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Àǹtí kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Sípóòkù ń fi iná jó irin nígbà tí mo ti kẹ̀kẹ́ náà wọlé. Ó rí ojú mi, ó pa iná. Mo mú sípánà rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú kẹ̀kẹ́ náà lórí tábìlì rẹ̀. Mo tú ẹsẹ̀ iwájú, mo tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, mo tú ọwọ́. Pẹ́dàlì òsì le koko, ọwọ́ mi ń yọ̀. Ó na sípánà gígùn sí mi, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Mo fẹ́ kọ̀ ọ́. Mo gbà á.

“Èwo nínú ẹ̀ ni kì í ṣe tiẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?” ni mo bi í.

“Ṣéènì nìkan. Ti tẹ́lẹ̀ ti dógùn-ún.”

“Ìlú kejì ńkọ́?”

“Mi ò lọ. Mo rìn yíká ẹ̀yìn ilé.”

“Erùpẹ̀ bàtà ẹ.”

Mo rántí bí mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ láti nù ún, ojú sì tì mí ju bí mo ti lè sọ lọ.

Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti mú irin ìwọ̀n náà ni òun ti fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n bí inú mi ti ń dùn sí i ni ẹnu òun ń wúwo sí i. Ó ní ìfẹ́ òun kì í ṣe ti Àǹtí, ti òun ni. Mo gbà á gbọ́. Ìyẹn ni ó ń dùn mí jù: ìwọ̀n tí mo wọ̀n kò ní àṣìṣe, ọkùnrin tí mo fẹ́ràn kò ní àbùkù mìíràn, àwọn ẹlòmíràn ni ó kàn fi gbogbo rẹ̀ síbi tí n ó ti rí i.

“Olólùfẹ́ mi,” ni ó wí, “ṣé o máa gbé e lọ?”

“Férémù nìkan ni mo rà.”

Mo gbé e lé èjìká, mo fi ìyókù sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀.

Àwọn ẹbí kò tíì pàdé. Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró. Ìyá mi ń sọ pé ìfẹ́ tí ó gba ẹ̀yìn wọlé ṣì jẹ́ ìfẹ́, n kò sì bá a jiyàn, nítorí n kò tíì dẹ́kun àtifẹ́ ọkùnrin náà. Sípóòkù rán àwọn àgbà sí mi láti bẹ̀ mí. Mo kí wọn, mo sì dá wọn padà. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ni ó jẹ mí ní gbèsè. Ó jẹ mí ní òtítọ́, láti ẹnu ara rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, níwájú gbogbo àwọn tí ó mọ̀ kí èmi tó mọ̀. Èmi náà jẹ ẹ́ ní ìdáhùn. Tirẹ̀ ni yóò ṣáájú.