Àbẹ́là Tí A Kò Pe Orúkọ Sí

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti orí òkun bọ̀ wá sí ilẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àmọ́ iná àwọn àbẹ́là tí a rì mọ́ iyanrìn ń tẹ̀ sí apá òkun. Mo fi itọ́ pa ìka mi, mo nà án sókè láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Láti òkun ni lóòótọ́.

Èmi àti Stapleton la jọ ń tọ́jú etíkun ní erékùṣù àwọn olówó yìí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ionie, ló ń gbé oúnjẹ fún àwọn àlejò. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí bá ọkọ̀ apẹja lọ lọ́dún tó kọjá. Wọ́n rí ọkọ̀ náà, wọn kò rí ọmọ.

Lọ́dọ̀ wa, tí ọjọ́ ìrántí òkú bá pé ní oṣù kọkànlá, orí sàréè là ń tan àbẹ́là sí. Ẹni tí òkun bá gbé, iyanrìn ni sàréè tirẹ̀. A ó ri àbẹ́là mọ́ ọn, a ó kọjú sí omi, a ó pe orúkọ rẹ̀. Yóò wá yáná, yóò sì lọ sinmi. Ionie kọ̀, kò tan ti ọmọ rẹ̀.

"Ẹni tó bá tan án ti gbà pé ó kú nìyẹn," ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹnu mi kọ́ lẹ ó ti gbọ́ ọ."

"Ẹ̀gbọ́n, òtútù ń mú un níbi tó wà."

"Elford, lọ tún iyanrìn rẹ ṣe."

Ọjọ́ ìrántí òkú ọdún yìí gan-an ni tọkọtìyàwó kan láti òkè òkun fẹ́ jẹun létíkun pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Ọ̀gá wa ní kí a to àbẹ́là láti èbúté títí dé ibi àpáta.

Stapleton rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé o mọ ọjọ́ tí òní jẹ́? Ta la fẹ́ máa pè báyìí?"

"Pe ìyá ẹ."

"Ìyá mi ò kú sómi o. Orí bẹ́ẹ̀dì ló kú sí, ìwọ ló sì ń ṣépè fún títí ẹ̀mí fi bọ́."

A rẹ́rìn-ín, a to àbẹ́là náà láì pe ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ a mọ ohun tí àwọn àgbà wí: àbẹ́là tí kò lórúkọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ni mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó lóṣòó ti àbẹ́là tó kẹ́yìn, lẹ́bàá àpáta, tó na ọwọ́ sí iná. Àwọn àlejò rò pé òṣìṣẹ́ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ rò pé àlejò ni. Omi ń kán lára aṣọ rẹ̀, síbẹ̀ iyanrìn abẹ́ rẹ̀ gbẹ.

Ionie gbé àwo kọjá, ó dúró. Mo sáré bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe òun."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Ojú mi ò fọ́."

Ọmọ náà gbójú sókè. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Màmá, àbẹ́là ta nìyí?"

"Kò sẹ́ni tó ni ín."

"Ẹ fún mi lórúkọ, kí n lè kúrò nínú òtútù."

Mo di apá Ionie mú. "Ẹ má dá a lóhùn. Tí iná bá kú, á lọ."

"Ibo ló ń lọ?" Ionie bi mí. "Orúkọ kan wà lọ́wọ́ mi tí kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ nílé mọ́."

"Ti ọmọ yín ni! Tó bá wá béèrè rẹ̀ ńkọ́?"

"Elford, ilé yẹn ti dákẹ́ jù."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ orúkọ náà sí ọmọ náà létí. Ọmọ náà dìde, ó gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì jọ rìn lọ sí ilé ìdáná.

Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ Ionie ló ń gbé. Ó ń jẹ ẹja díndín àti bẹ́rẹ́fúùtù, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Àwọn aládùúgbò ń fi orúkọ náà kí i, wọn kì í béèrè ibi tó ti wá. Àlùfáà wa pàápàá na ọwọ́ kí i. Ionie sanra, ó ń kọrin. Àmọ́ láràárọ̀ ló ń sá bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà sórí ọgbà. Ó ní òrùlé ń jò. Òjò kò rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Láàárọ̀ àná, mo ń tún iyanrìn ṣe, ẹnìkan pè mí láti inú omi.

"Àǹkù Elford."

Mo mọ ohùn náà, ti ọmọ tí Ionie bí ni. Èmi ni mo gbé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣèrìbọmi fún un.

"Mo rí iná lọ́jọ́sí, Àǹkù. Mo ń bọ̀, ẹnìkan ti ṣáájú mi. Ẹ pè mí, ó ti rẹ̀ mí."

Mo sáré mú àbẹ́là wá, mo rì í, mo tan án. Mo kọjú sí òkun, mo la ẹnu. Orúkọ náà kò wá. Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n bí i. Mo rántí orin tí a kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ kò sí níbẹ̀.

Mo sáré dé ẹnu ọ̀nà Ionie. "Ẹ̀gbọ́n, kí lorúkọ ọmọ yín?"

Ó fi mí rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ti mutí láàárọ̀ yìí ni?" Ó kọjú sí yàrá, ó pe orúkọ náà, ẹni tó wà nínú ilé sì jẹ́, "Mà!" Etí mi gbọ́ ọ kedere. Mo ń wí i lẹ́nu bí mo ṣe ń sáré padà. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi fi máa kan iyanrìn, iyọ̀ nìkan ló kù lórí ahọ́n mi.

Mo tún tan òmíràn láàárọ̀ yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà níbẹ̀, omi dé e lágbọ̀n, ó ń wo ẹnu mi.