Ewé Tó Sán Ìgbànú

Orúkọ tí gbogbo ilé ń pe ọmọdébìnrin yìí ni Kínìyẹn.

Ẹ fẹ́ mọ ìdí ẹ̀? Tó bá jí láàárọ̀, "Kí nìyẹn?" Tó bá ń jẹun, "Kí nìyẹn?" Tí oorun bá ń kùn ún, tí ojú kan ti padé, èkejì á ṣì máa wò. "Bàbá, kí nìyẹn?"

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Kínìyẹn jí. Ó sáré lọ sẹ́yìn ilé. Pàtà-pàtà-pàtà!

Bàbá ti wà níbẹ̀. Bàbá dojú bolẹ̀ gbalaja lórí koríko. Kò mira rárá.

Akunlé ni Bàbá. Ilé onílé ló ń fi ọ̀dà kùn láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, fọ́tò ló ń yà. Kì í ya ènìyàn. Kì í ya ọkọ̀. Èèrà ni! Ìgbín ni! Ìrì orí koríko ni!

Bàbá ní jígí kékeré kan tó máa ń há mọ́ ojú fóònù rẹ̀. Jígí yẹn á sọ ohun bíńtín di ohun gàgàrà.

Màmá yọ orí lójú fèrèsé. Aránṣọ ni Màmá. Òwú rọ̀ sí i lọ́rùn bí ẹ̀gbà.

"Bàbá Kínìyẹn! Ẹ tún ti lọ bá èèrà? Ṣé èèrà ti gbà yín lọ́wọ́ mi ni?"

"Ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ mi," Bàbá dáhùn látinú koríko, "èèrà wo ló rẹwà tó ọ?"

Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Gìrìrìrì!

Kínìyẹn na ìka sí igi ọsàn kékeré tó wà nínú ìkòkò. Nǹkan dúdú-funfun kan wà lórí ewé rẹ̀.

"Bàbá, kí nìyẹn?"

"Ìgbẹ́ ẹyẹ ni."

"Ṣé mo lè yà á?"

Bàbá gbé fóònù fún un. "Yà á. Ṣé o rántí bí a ṣe ń ṣe é?"

Kínìyẹn rántí. Ó ń sọ ọ́, ó ń ṣe é.

"Súnmọ́ ọn. Dúró jẹ́ẹ́. Mú èémí dúró. Tẹ̀ ẹ́."

Káṣà!

Wọ́n jọ wo fọ́tò náà.

Ha! Ìgbẹ́ ẹyẹ ní ẹsẹ̀! Ìgbẹ́ ẹyẹ ní orí! Ìgbẹ́ ẹyẹ ń jẹ ewé! Kọ́rọ́-kọ́rọ́-kọ́rọ́!

Ẹnu Kínìyẹn là yàà. Kò padé.

"Kòkòrò ajẹwé ni!" Bàbá pariwo. "Ṣe ló ń díbọ́n, kí ẹyẹ má baà gbé e mì. Ta ló fẹ́ jẹ ìgbẹ́?"

"Èmi kọ́ o!" Kínìyẹn dáhùn.

Láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ ti fà mọ́ kòkòrò yẹn. Ó sọ ọ́ ní Ọ̀rẹ́. Ní àràárọ̀, kó tó fọ ẹnu, ọ̀dọ̀ Ọ̀rẹ́ ló kọ́kọ́ ń lọ.

Ní ọjọ́ kan, ó dé ibẹ̀. Yéè! Ọ̀rẹ́ ti pa àwọ̀ dà! Kì í ṣe dúdú mọ́. Kì í ṣe funfun mọ́. Ó ti di àwọ̀ ewé láti orí dé ẹsẹ̀.

Ẹnu Kínìyẹn là yàà. Kò padé. Ó yíjú wo Bàbá.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ kùn ún?"

"Èmi? Níbo ni mo ti fẹ́ rí ọ̀dà tó dán báyìí?"

Ní ọjọ́ mìíràn, Kínìyẹn tún dé ibẹ̀. Ó wo orí ewé. Kò sí Ọ̀rẹ́. Ó wo abẹ́ ewé. Kò sí Ọ̀rẹ́. Ó wo inú ìkòkò. Kò sí Ọ̀rẹ́.

"Ọ̀rẹ́ ti lọ," ó sọ fún Màmá. "Kò tiẹ̀ dágbére fún mi."

Màmá gbé e sórí itan. "Ó dùn ọ́, àbí?"

"Ó dùn mí wọra."

Sátidé mìíràn dé. Igi ọsàn ti yọ òdòdó funfun kan. Ó ń ta sánsán. Kínìyẹn gba fóònù, ó lọ bá a. Òun nìkan ló lọ.

Súnmọ́ ọn. Dúró jẹ́ẹ́. Mú èémí dúró. Tẹ̀ ẹ́. Káṣà!

Òdòdó náà rẹwà. Ṣùgbọ́n kí nìyẹn lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ̀ka gbígbẹ tín-ín-rín kan ni. Ewé gbígbẹ kan ká kókó sára rẹ̀. Ó ba fọ́tò jẹ́.

Kínìyẹn rántí ohun tí Bàbá máa ń sọ. "Ẹ̀yìn fọ́tò gbọ́dọ̀ mọ́. Ohun tó bá ń dí wa lójú, mú un kúrò."

Ó ṣẹ́ ẹ̀ka náà. Pó!

Ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó padà, ó tún òdòdó yà. Káṣà!

Fọ́tò mọ́ tónítóní.

Ó sáré wọ iyàrá ìránṣọ. "Màmá! Bàbá! Ẹ wá wò ó!"

"Ó mọ́ bí aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀," Màmá wí.

"Èyí tó o kọ́kọ́ yà ńkọ́?" Bàbá béèrè.

"Èyí ni. Ìdọ̀tí wà lẹ́yìn tiẹ̀."

Bàbá fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà. Ó fẹ̀ sí i. Ó tún fẹ̀ sí i.

Bàbá tẹjú mọ́ ọn. Màmá dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró.

"Kí nìyẹn?" Bàbá béèrè.

Bàbá ló béèrè o! Kì í ṣe Kínìyẹn.

Ewé gbígbẹ náà sán ìgbànú.

Màmá fa fóònù mọ́ra. "Òwú nìyẹn! Ó fi òwú gba ara rẹ̀ nídìí, ó so ara rẹ̀ mọ́ igi. Ewé wo ló mọ òwú so?"

Kínìyẹn súnmọ́ ọn. Ó dúró jẹ́ẹ́. Ó mú èémí dúró. Ó rí orí kan. Ó rí ikùn kan.

"Kì í ṣe ewé!" ó kígbe. "Ọ̀rẹ́ ni! Ọ̀rẹ́ ò lọ síbì kankan!"

"Ó ti sé ara rẹ̀ mọ́lé," Bàbá wí jẹ́jẹ́. "Inú ibẹ̀ ló ti máa di labalábá. Níbo ló wà báyìí?"

Ẹnu Kínìyẹn là yàà. Kò padé. Omi lé sí i lójú.

"Mo ti jù ú sínú ìdọ̀tí."

Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n gbọ́ ọ níta.

Pàá! Pàá! Pàá!

Ọkọ̀ akólẹ̀ ti dé.

Kínìyẹn fò jáde. Kò wọ bàtà. Bàbá tẹ̀ lé e. Màmá tẹ̀ lé Bàbá, tòun ti òwú lọ́rùn. Pàtà-pàtà-pàtà!

Akólẹ̀ ti gbé garawa náà sókè. Ó ti fẹ́ẹ́ dà á.

"Ẹ dúró o! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má dà á!"

Garawa dúró lójú òfurufú.

"Kí ló dé, ìyá mi kékeré? Wúrà ló bọ́ sínú ẹ̀?"

"Ewé ni!"

"Ewé kẹ̀? Ewé kún ọkọ̀ mi. Mélòó lo fẹ́ kí n bù fún ẹ?"

"Ewé tó sán ìgbànú ni mò ń wá!"

Akólẹ̀ wo Màmá. Akólẹ̀ wo Bàbá. Ó dà bíi pé ó fẹ́ bi wọ́n bóyá ara ọmọ yìí yá. Bàbá ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó kàn na fóònù sí i.

Akólẹ̀ wò ó. Ẹnu òun náà là yàà.

"Yéè! Kí nìyẹn?"

Ó gbé garawa sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Màmá tẹ́ aṣọ kan sílẹ̀. Wọ́n da ìdọ̀tí náà sórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ha! Ewé gbígbẹ pọ̀ bí nǹkan míì! Gbogbo wọn ló ká kókó. Gbogbo wọn ló jọra.

Kínìyẹn gbé jígí náà sójú. Ó ń wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan.

"Kí nìyẹn? Ewé ni. Kò sán ìgbànú."

"Kí nìyẹn? Àjákù aṣọ Màmá ni."

"Kí nìyẹn? Ewé ni. Kò sán ìgbànú."

Pàá! Awakọ̀ yọ orí jáde nínú ọkọ̀. "Ẹ̀yin ará ibẹ̀ yẹn, ṣé ẹ ń sùn ni?"

"Ní sùúrù!" akólẹ̀ pariwo padà. "À ń wá ewé!"

"Ẹ ń wá kí ni?"

"Ewé tó sán ìgbànú!"

Awakọ̀ kàn di orí mú.

Omi ojú já bọ́ sórí jígí. Kínìyẹn fi etí aṣọ nù ún. Ó tún wò.

Àjákù aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run kan ló kù nísàlẹ̀. Ó ṣí i.

Ẹ̀ka tín-ín-rín kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun kan ká kókó sára rẹ̀. Ó sán ìgbànú.

"Ọ̀rẹ́," Kínìyẹn pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọ̀rẹ́ ò mira.

"Ṣé mo ti pa á ni?"

Akólẹ̀ ṣí fìlà. Bàbá di Kínìyẹn lọ́wọ́ mú.

Lójijì, fìrì! Ọ̀rẹ́ jù sọ́tùn-ún. Fìrì! Ó jù sósì.

"Yéè!" Gbogbo wọn fò sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Akólẹ̀ fìdí jókòó sínú garawa. Gbàgà!

"Ó wà láàyè! Ó wà láàyè!" Kínìyẹn ń fò sókè sódò.

Màmá ló so ẹ̀ka náà padà mọ́ igi ọsàn. Òwú tó rọ̀ jù lọ ló lò.

"Mo ti rán aṣọ fún oríṣiríṣi oníbàárà," ó wí. "Èyí nìkan ni ò sọ pé aṣọ òun fún òun jù."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Kínìyẹn. "Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ nìkan. Èmi ni mo ní kó o máa mú nǹkan kúrò. Láti òní lọ, kí la máa kọ́kọ́ ṣe?"

Kínìyẹn rò ó.

"Kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Tí a ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká béèrè."

"Kí nìyẹn?" ni Bàbá wí, ó sì fi ìka tọ́ ọ nímú.

Wọ́n wá ń dúró de Ọ̀rẹ́.

Ilẹ̀ mọ́. Kò sí nǹkan kan. Ilẹ̀ tún mọ́. Kò sí nǹkan kan. Òjò rọ̀, Kínìyẹn gbé agbòòrùn lọ bò ó. Ọkàn rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, bí ẹni tó ń retí olólùfẹ́ ní ibùdókọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n gbọ́ igbe rẹ̀. "Bàbá! Màmá! Ẹ wá o! Ó ń ya!"

Ẹ̀yìn Ọ̀rẹ́ ló ń ya. Ṣẹ́-ẹ́-ẹ́! Orí yọ. Ẹsẹ̀ yọ. Nǹkan tútù kan fà jáde, ó rún jàgbàjàgbà.

"Ṣé labalábá náà nìyí?" Kínìyẹn béèrè.

"Áyọ́ọ̀nù ló fẹ́," Màmá wí.

Ṣùgbọ́n Ọ̀rẹ́ ò fẹ́ áyọ́ọ̀nù. Ìyẹ́ rẹ̀ ń nà díẹ̀. Ó ń nà díẹ̀ sí i. Ó dúdú bí òru. Ó ní àmì tótòtó tí àwọ̀ wọn dà bíi pupa inú ẹyin.

Pàá! Pàá! Akólẹ̀ sáré wọlé, fìlà lọ́wọ́. "Ewé wa ńkọ́?" Ó rí i. Ẹnu rẹ̀ là yàà. Ẹnu Bàbá là yàà. Ẹnu Màmá là yàà.

Ó yá, Kínìyẹn! Ó gbé fóònù sókè. Dúró jẹ́ẹ́. Mú èémí dúró.

Fẹ́lẹ́! Ọ̀rẹ́ fò. Ó yí igi ọsàn ká. Ó yí orí Kínìyẹn ká. Ó sì bà lé ojú jígí gan-an.

Káṣà!

Ọ̀rẹ́ tún fò, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó kọjá lórí ògiri.

Gbogbo wọn kóra jọ wo fọ́tò náà. Dúdú wà níbí. Àwọ̀ pupa ẹyin wà lọ́hùn-ún. Irun wúyẹ́wúyẹ́ kún àárín.

"Kí nìyẹn?" Bàbá béèrè.

"Kí nìyẹn?" Màmá béèrè.

"Kí nìyẹn?" akólẹ̀ béèrè.

Kínìyẹn gbá fóònù mọ́ àyà. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́ẹ́ kan etí.

"Ọ̀rẹ́ mi ni," ó wí. "Lọ́tẹ̀ yìí, òun ló súnmọ́ mi."