Bàbá Àgbà Dijú, Bàbá Àgbà Lajú

“Kí lo sọ pé Bàbá wí?”

“Wọ́n ní àwọn ò lọ, Àǹtí.”

Àǹtí wo bàbá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wá wo káàdì ọwọ́ ọmọ náà bí ẹni rí ejò nínú bàtà.

“Àbí ìwọ lo ò fẹ́ kí wọ́n lọ?”

Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ohùn Bàbá àgbà, tó fi ogójì ọdún tún rédíò ṣe. Ojú nìkan ló kù. Ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí gbogbo ilé ń pè ní Akọ̀wé, ló wá ọ̀nà tí ojú yẹn fi ń sọ̀rọ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ojú lílà gbàgà dúró fún omi, ìlàjì fún oúnjẹ, díẹ̀ fún ìrora. Ṣùgbọ́n bí oorun bá ti ń kun Bàbá, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Ìrora ń dà wọ́n láàmú lọ́jọ́ kan, omi ni ará ilé ń bu fún wọn mu. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà nílé ìwé Akọ̀wé ló là á lóye.

“Iná inú kọ̀ǹpútà ń lọ sókè sódò,” ni olùkọ́ wí. “Tó bá ní kóun máa wọn bó ṣe pọ̀ tó, àṣìṣe ò ní tán. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè: ó wà, àbí kò sí? Tò ìdáhùn méjèèjì yìí pọ̀ léraléra, kò sí ohun tí o ò lè kọ.”

Akọ̀wé bá ṣe káàdì: ó kọ àmì márùn-ún síwájú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, dijú tàbí lajú, ó sì fi kọ́ Bàbá. Ó máa ń kan bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀marùn-ún fún lẹ́tà kan. Bó bá ti kàn án lẹ́ẹ̀kan, Bàbá á dijú tàbí kí wọ́n lajú. Ojú tó bá wà láàárín, kó tún bi wọ́n.

Òfin yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tàpá sí. Àǹtí fẹ́ mú Bàbá lọ sílé rẹ̀, nítòsí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ irú wọn lọ́rọ̀ sísọ. Ojú Bàbá dé ààbọ̀. Akọ̀wé sọ ọ́ di “rárá”.

“Bọ́ síta,” ni Àǹtí wí. “Tilẹ̀kùn.”

Nígbà tó pè é wọlé, ó ní, “Mo fi nǹkan kan han Bàbá. Kí ni?”

Akọ̀wé ń kan bẹ́ẹ̀dì, òógùn bò ó. E. W. E.

“Ewé.”

Àǹtí yọ ewé kan nínú báàgì rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. “Ó ṣeé kà nígbà náà. Bàbá, ṣé ẹ máa bá mi lọ?”

Lẹ́tà mẹ́fà. *Mo fẹ́ lọ.*

Akọ̀wé nìkan ló mọ káàdì yẹn kà. Ohun tó bá wù ú ló lè sọ.

“Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ. Ojú wọn ò dé tán lẹ́ẹ̀kan, Àǹtí. Mi ò tún bi wọ́n. Èmi ni mo sọ ọ́ di rárá.”

“Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a,” ni Àǹtí wí. “Tìẹ ò tiẹ̀ pé wákàtí kan.” Ó na ọwọ́. “Kó káàdì yẹn wá. Kọ́ mi.”

Bàbá bá Àǹtí lọ lọ́jọ́ kẹta. Fún oṣù mélòó kan, bí Akọ̀wé bá sọ ohunkóhun lórí fóònù, Àǹtí á bi í pé, “Ṣé bó ṣe rí nìyẹn, àbí bó ṣe wù ọ́?” Ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò bínú. Ó ti yé e pé ẹni tó bá fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ dí àlàfo ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ti gba ẹnu olúwarẹ̀. Ohun tí kò bá dá wa lójú, ká tún béèrè.