Ta Ló Ṣẹ Òǹkọ̀wé Yìí?

Bí ẹni tó ń ka ìkéde ikú ara rẹ̀ ni ọkùnrin náà ṣe dúró, aṣọ rẹ̀ tutù dé èjìká, ìka rẹ̀ kan wà lórí ìlà kan nínú ìwé ńlá tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé. Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde. Obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìkàwé náà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àǹtí Oníwèé, wò ó títí láti ẹ̀yìn tábìlì rẹ̀, ó wá rí i pé omi tó ń kán sórí ewé kì í ṣe omi òjò nìkan.

Ó dìde. Ọdún kọkànlá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí rèé, kò sì fẹ́ kí nǹkan kan máa kán sórí bébà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ìwé táwọn òǹkàwé ń kọ èrò wọn sí nìyẹn. Tó bá tutù, èrò á dà pọ̀ mọ́ra."

Ọkùnrin náà sáré nu ojú. "Ẹ má bínú. Ìwé wo ni gbogbo wọn ń bú báyìí?"

"Ibo lẹ wà látọjọ́ yìí? Apá kejì *Ilé Tó Ń Pe Ni* ni. Ojú ewé mẹ́rìnlá ni wọ́n ti fi bú u, a ò sì tíì parí."

Kò sí ẹni tó ń kàwé nílùú náà tí kò mọ apá kìn-ín-ní. Ìtàn ìyàwó tuntun kan ni, tí wọ́n mú wọ ilé tí àwọn òkú ibẹ̀ ti ń fi ohùn àwọn ẹni tó fẹ́ràn pè é. Ìwé náà sọ àwọn àgbàlagbà di ẹni tí kò lè pa iná sùn. Ṣùgbọ́n ní ìparí, Ìyàwó ṣì wà láàyè, ó ń fi eékún wọ́ lọ sídìí ilẹ̀kùn. Ọdún mẹ́ta làwọn èèyàn fi dúró kí wọ́n tó lè mọ̀ bóyá ó jáde. Nígbà tí apá kejì dé, òǹkọ̀wé pa Ìyàwó lójú ewé kọkànlélógún, ilé náà sì gbé gbogbo àwọn tó kù mì, títí kan ọmọ ọwọ́.

Ẹnì kan kọ ọ́ sínú ìwé èrò náà pé: "Apá kìn-ín-ní kò jẹ́ kí n sùn. Apá kejì kò jẹ́ kí n jí." Ẹlòmíràn kọ ọ́ pé: "Mo jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rù wá ń bà mí pé ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbà, mo dá a padà." Ẹnì kẹta fi lẹ́tà gàdàgbà kọ tirẹ̀: "TA LÓ ṢẸ ÒǸKỌ̀WÉ YÌÍ?"

Ṣùgbọ́n orí ìlà kan tí ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ ń gbọ̀n ni ìka ọkùnrin náà wà: "Ọmọbìnrin yìí ni mo ń dúró dè. Ẹ ti pa á. Kí ni mo tún ń dúró dè?"

"Bàbá mi ló kọ ìyẹn," ni Àǹtí Oníwèé wí. "Mo gbé ìwé èrò yìí lọ bá wọn nílé ni. Àìsàn ọkàn ń ṣe wọ́n, wọn ò lè rìn jìnnà mọ́. Tẹ́ ẹ bá bi mí, ìkà lẹni tó kọ ìwé yẹn."

"Bóyá ńṣe ló rẹ̀ ẹ́."

"Ẹni tó bá rẹ̀, oorun ló ń sùn. Kì í pa ìyàwó oníyàwó."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí ẹ̀rín ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe gan-an?" obìnrin náà béèrè.

"Iṣẹ́ akọ̀wé."

Irọ́ kọ́ ló pa. Kò sì sọ òótọ́.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wá, obìnrin náà sì sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Abẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí wọ́n ti ń lẹ ẹ̀yìn ìwé tó ti ya, ni wọ́n ti ń mu tíì.

"Ẹ tún dé? Ṣé wọn ò fún yín níṣẹ́ níbi iṣẹ́ yín ni?"

"Iṣẹ́ ti kọ̀ mí. Ẹ̀yin náà fẹ́ kọ̀ mí?"

"Ẹ jókòó. Ẹ má fi orí ìwé ṣe àwo búrẹ́dì."

Kò pé oṣù méjì tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn, tí ẹnì kankan nínú wọn kò sì mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Akọ̀wé ti mọ̀ pé obìnrin náà máa ń kùn bí oyin tó bá ń lẹ ìwé. Obìnrin náà ti mọ̀ pé ọkùnrin yìí kì í sùn dáadáa, pé kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ nílé, àti pé ó máa ń dákẹ́ lójijì láàárín ọ̀rọ̀, bí ẹni tí wọ́n pè láti òkèèrè.

"Kí ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn, ààyò mi?" ó bi í lọ́jọ́ kan.

"Bí mo bá sọ ọ́, o ò ní fẹ́ rí mi mọ́."

"Ṣé o níyàwó nílé?"

"Rárá o."

"Ṣé o jalè?"

"Rárá."

"Ó parí. Èyí tó bá kù, a jọ máa gbé e." Ó na ọwọ́, ó yọ èérún búrẹ́dì kúrò ní àgbọ̀n rẹ̀. "Wá kí bàbá mi lọ́jọ́ Àìkú."

Akọ̀wé yẹ kó sọ ọ́ nígbà náà. Ohun tó sọ ni pé òun á wá.

Orí bẹ́ẹ̀dì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn láìlo ìṣó kan ṣoṣo ni bàbá náà wà. Káfíńtà ni. Ayùn rẹ̀ àti òòlù rẹ̀ ṣì wà lára ògiri, ó nù wọ́n mọ́ tónítóní, bí ẹni pé ìyẹn ló máa lò lọ́la. Ó wo àlejò rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ó wo fọ́tò tó wà níbẹ̀.

"Gbé àgbọ̀n ẹ sókè."

Akọ̀wé gbé e sókè.

"O ti fá irùngbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kì í fá ojú ẹ̀ dànù." Bàbá gbé ìwé náà sílẹ̀. "Ìwọ lo pa Ìyàwó."

Àǹtí Oníwèé kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Ìgbà tó wo ojú Akọ̀wé ni ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ogójì ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ káfíńtà," ni bàbá wí. "Mo ti kan bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́, mo ti kan pósí. Mi ò ṣe ilé tí kò nílẹ̀kùn rí. Ìwọ kọ́ ilé, o kó gbogbo wa wọ ibẹ̀, o wá fi bíríkì dí ẹnu ọ̀nà. Mi ò ní fi ọmọ mi fún ẹni tó ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀."

Ní ìta, obìnrin náà kò kígbe. Ìbá sàn bó bá kígbe.

"O jẹ́ kí n máa bú ọ níṣojú ara ẹ."

"Òótọ́ lò ń sọ."

"Lánàá ni mo rí oògùn bàbá mi lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. Hóró tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Látìgbà tí wọ́n ti ka ìwé yẹn tán ni wọ́n ti ń tu ú dànù. Mo bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ní kí làwọn tún ń dúró dè. Ṣé ọ̀rọ̀ náà yé ọ báyìí?" Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Akọ̀wé padà wá, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Kò kan ilẹ̀kùn. Ó wá lọ́jọ́ kẹta, ó wá lọ́jọ́ kẹrin. Lọ́jọ́ karùn-ún, ohùn bàbá jáde láti yàrá: "Ẹ jẹ́ kó wọlé jàre. Ó ti ń ba ẹwà àtẹ̀gùn mi jẹ́."

Nígbà tó jókòó tán, bàbá kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. "Kí ló dé tó o fi pa á?"

"Mo ní àbúrò obìnrin kan, sà. Àwa méjì péré la wà. Òun ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá kọ. Nígbà tó ń ṣàìsàn, ọsibítù ni mo ti ń ka apá kejì fún un. Ó ní dandan ni kí Ìyàwó jáde. Mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó jáde, ó rí oòrùn. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ ka ibẹ̀ fún un, mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, wọ́n ti ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Mo padà sílé, mo fa gbogbo ẹ̀ ya. Mo ní bí tèmi ò bá jáde, ti ẹnikẹ́ni ò ní jáde."

"O fẹ́ sin gbogbo wa mọ́ ọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá gbé ara rẹ̀ sókè lórí ìrọ̀rí. "Ó kéré tán, o ò purọ́," ó wí. Ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Fún mi lóògùn yẹn."

Ó gbé e mì. Ọmọ rẹ̀ kọjú sí ògiri, ó sunkún. Ṣùgbọ́n ọkàn èèyàn kì í dúró de èrò èèyàn. Dókítà ti sọ fún Àǹtí Oníwèé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù pé ohun tó ti bàjẹ́ láàárín oṣù tí bàbá fi ń tu oògùn dànù kò ní padà bọ̀ sípò.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù fún wọn. Gbogbo ọ̀sán ni Akọ̀wé ń wá. Ó ń fá irùngbọ̀n bàbá, ó ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti wú. Bàbá ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi òórùn mọ igi, kò sì mọ ìkankan.

"Ọ̀ṣọ́ lásán ni imú yìí wà fún lójú ẹ," bàbá á wí, ẹ̀rín á wá fẹ́ pa ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń ká aṣọ. Díẹ̀díẹ̀, ó tún ń bu tíì fún Akọ̀wé. Kò tíì pè é ní ààyò.

Lójoojúmọ́, kí Akọ̀wé tó lọ, ó máa ń béèrè pé: "Bàbá, ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

"Rárá."

Ní Ọjọ́rú kan tó béèrè, bàbá ronú díẹ̀. "Mi ò tíì dárí jì ọ́," ó wí. "Wá lọ́la."

Kí ọ̀la tó mọ́, ó ti kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Àǹtí Oníwèé sọ fún Akọ̀wé pé: "Máa lọ. Tí mo bá ti rí ọ, hóró oògùn wọ̀nyẹn ni mò ń rí." Akọ̀wé lọ.

Ilé náà ṣófo bí ìkòkò tí wọ́n da omi inú rẹ̀ nù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, obìnrin náà ń gé àlùbọ́sà nígbà tó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ láti yàrá, ketekete, pé kó bá òun ṣí fèrèsé. Ó dáhùn pé, "Mò ń bọ̀, sà." Ó ti nu ọwọ́ tán, ó ti dé ẹnu yàrá, kó tó rántí. Ó ṣí fèrèsé náà síbẹ̀síbẹ̀. Láti ìgbà náà, ó ń dáhùn lójoojúmọ́.

Àwọn èèyàn ní kó gbàdúrà, kó sùn, kó fi bẹ́ẹ̀dì náà tọrẹ. Ó ń dá wọn lóhùn pé ó ti gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ó gbé apá kejì ìwé náà sórí itan, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti kà á rí gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé. Ìsinsìnyí ló kà á bí ẹni tó ń gbé inú ilé náà. Nígbà tó dé ibi tí ìyá Ìyàwó, ẹni tó ti kú, ti pè é láti inú ògiri, tó sì bi í pé ṣé ó ti jẹun, tí Ìyàwó sì mọ̀ pé bí òun bá dáhùn òun máa kú, tó sì dáhùn, ó pa ìwé náà dé. Ó wọ bàtà.

Ilẹ̀kùn yàrá Akọ̀wé kò tì. Orí ilẹ̀ ló wà, ó gbé ẹ̀yìn ti ògiri, ó ti rù kọjá ààlà. Lẹ́tà àwọn òǹkàwé tí kò ṣí kún orí tábìlì. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Mo tún ìwé ẹ kà."

"Jọ̀ọ́, má sọ pé ó dára."

"Kò dára. Ìdajì ẹ̀ kò ju ariwo lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ìyá ẹ̀ ti bi í pé ṣé ó ti jẹun… Bàbá ń pè mí láti yàrá, ààyò mi. Mo sì ń dá wọn lóhùn."

Akọ̀wé kò sọ pé kó mọ́kàn le. "Èmi náà ń dá tèmi lóhùn," ó wí. "Ó ti lé lọ́dún kan."

Wọ́n sunkún títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Lẹ́yìn náà, obìnrin náà fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú àwọn méjèèjì.

"Mi ò wá torí pé mo ti gbàgbé. Mi ò lè gbàgbé oògùn yẹn láéláé."

"Mo mọ̀."

"Àmọ́ ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní sọ pé kí n lọ sinmi. Fẹ́ mi."

"Kí ni mo ní tí màá fi fẹ́ ọ? Mi ò lè kọ ìlà kan mọ́."

"Ṣé mo ní kó o kọ nǹkan ni? Mo ní kó o fẹ́ mi."

Ọ̀gá ilé ìkàwé àti ìyá kan tó jẹ́ aládùúgbò ni ẹlẹ́rìí wọn ní ọ́fíìsì ìjọba. Nígbà tí Àǹtí Oníwèé dé ibi tó ti yẹ kó kọ orúkọ bàbá rẹ̀, kó sì kọ "olóògbé" sí i níwájú, bírò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó ń so wọ́n pọ̀ fẹ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín. "Ẹ túra ká, ìgbéyàwó ni, kì í ṣe ìsìnkú." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé gbé ọwọ́ lé ọwọ́ obìnrin náà, kò tì í, kò fà á. Ó pẹ́ kí obìnrin náà tó kọ ọ́. Ó kọ ọ́.

Bọ́ọ̀sì ni wọ́n wọ̀ padà. Obìnrin náà kò tíì sùn kó wọra látọjọ́ ìsìnkú, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kọjá afárá, orí rẹ̀ ti wà ní èjìká ọkọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó ń mí bí ọmọdé. Wọ́n dé ibùdókọ̀ wọn. Awakọ̀ dúró, ó bojú wẹ̀yìn. Akọ̀wé wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó mi orí sí awakọ̀ pé kó máa lọ, ọkọ̀ sì gbé wọn kọjá ilé.